Ta Ló Ń Jẹ́ Il Bb m?

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o!" Ìyá Wáyà na ọwọ́ méjèèjì síwájú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín ayélujára sínú ilé, bí ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ tuntun. "Tí iná bá já lára rẹ̀ báyìí, ó di òkúta nìyẹn."

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó ń ṣẹ́jú bí olè?" Màmá, ìyá rẹ̀, ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi kàn ń bèèrè ni. O ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago méjì ti kọjá."

Bàbá ti múra tán. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ti fá irùngbọ̀n, wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti lọ̀ láti àná, ìwé mẹ́ta sì tò síwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ náà ni ilé ẹ̀kọ́ kan, tó ń fi ẹ̀rọ ayélujára kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní Yorùbá, fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ti sọ ọ́ lórí fóònù: ẹni tí wọn kò bá rí lásìkò, wọ́n á pe ẹni tó kàn.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún Bàbá, kò tíì bá tíṣà tó fẹ̀yìn tì gbélé. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ èdè Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ wọ́n ní Bàbá Àmì, nítorí bí ọmọ bá kọ àròkọ tó dùn bí oyin, tí kò fi àmì ohùn sí i, òdo ni wọ́n ń fún un. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí. Tí ẹ bá kí wọn, wọ́n á dáhùn. Tí ẹ kò bá kí wọn, ilẹ̀ á ṣú bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú balùwẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Wáyà, ọmọ wọn, fi wá. Wọn kò ṣàdédé sọ ọ́ lórúkọ yẹn níbi iṣẹ́. Ilé alájà mẹ́rin ni, òun ló sì mọ ibi tí gbogbo wáyà inú rẹ̀ ń gbà. Ráútà Bàbá ti ń já láàárín ọ̀rọ̀ láti oṣù tó kọjá, àwọn tó ṣe é sì ti kìlọ̀ pé ètò tó ń darí rẹ̀ ti gbó, pé ó ní ihò tí olè lè gbà wọlé, kí oníkálukú gba tuntun. Ẹni tó gbọ́n, ọjọ́ tí nǹkan kan kò dúró dè é ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Wáyà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń fi bú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé baba ẹni kì í jọ ibi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀ràn ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Aago kan àbọ̀ ló tẹ bọ́tìnnì.

Iná ráútà ṣẹ́jú, ó kú, ó jí, ó di àwọ̀ ewé.

"Ó tán!" ni Ìyá Wáyà wí. "Ṣé mo sọ fún yín? Bàbá, ẹ ṣí i."

Bàbá ṣí kọ̀ǹpútà. Wọ́n wò ó títí.

"Ilé mi ò sí níbẹ̀."

"Kí ni ò sí níbẹ̀?"

"Orúkọ tí mo fún ráútà. Ilé Bàbá Àmì. Kò sí níbẹ̀."

Ìyá Wáyà fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. Òótọ́ ni. Orúkọ ráútà mẹ́rin ló tò síbẹ̀, ó fojú fò wọ́n, ti aládùúgbò ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ó wo fóònù tirẹ̀, bákan náà. Ó wo ti Màmá, bákan náà.

Ó pa ráútà, ó ka ọgbọ̀n, ó tàn án. Kò sí. Ó gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ ọn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lé e lórí. Kò sí. Wáyà ì bá gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí Bàbá ń lò kò ní ihò wáyà kankan, Ìyá Wáyà tó sì fi wáyà jẹ́ orúkọ kò mú ohun tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ irú rẹ̀ wá. Ti ìgbì fóònù ńkọ́? Inú kòtò ni ilé yẹn wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù sọ "hẹ̀lóò" níbẹ̀, á kọ́kọ́ gun àga.

"Ó ti bà á jẹ́," ni Màmá wí. "Ohun tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́."

"Màmá, kò ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní ó ń já."

"Ó ń já, ó ń padà. Èyí já, ó lọ sílé ọkọ."

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìyá Wáyà gun àga, ó pe ilé iṣẹ́ tó fún wọn ní ìlà ayélujára. Orin ni wọ́n ń kọ sí i létí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ó mọ̀ pé orin yẹn lòun máa gbọ́ títí di ọjọ́ Ajé.

Ọ̀nà kan ló kù, ọ̀nà náà kò sì dára. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ráútà. Tí èèyàn bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ráútà á gbàgbé ohun gbogbo, á dà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n á gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ìlà ayélujára pẹ̀lú, ọwọ́ àwọn olórin orí fóònù yẹn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ náà sì wà.

"Màmá, ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ kan."

Màmá mú un wá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi lé e lọ́wọ́. "Tí o bá gún un, ṣé á yá?"

Ẹ̀yìn ọrùn bàbá rẹ̀ ni Ìyá Wáyà ń wò. Wọ́n ti fi sitáàṣì sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó le gbagidi. Ẹni tó bá fi sitáàṣì sí kọ́là nítorí àtijókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú ilé ara rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń wá.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Kò yẹ kí n ṣe é lónìí."

Bàbá kò gbójú sókè. Wọ́n ṣì ń wo àwọn orúkọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì ka ìkọkúkọ ọmọ ọlọ́mọ, ojú rẹ̀ kì í fo lẹ́tà.

"Ta ló ń jẹ́ Il Bb m?"

"Ta ni?"

"Ó wà níhìn-ín. Il. Bb. m. Irú orúkọ wo nìyẹn?"

"Aládùúgbò ni, Bàbá. Ọmọdé ló máa tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ aládùúgbò mi. Èyí ò sí níbẹ̀ lánàá. Òun ló sì lágbára jù nínú gbogbo wọn."

Ìyá Wáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Ó ti gbé wọn mì!"

"Kí ló gbé kí ni mì?"

"Ráútà! Ẹ wò ó. Ilé Bàbá Àmì. Ẹ yọ gbogbo lẹ́tà tó ní àmì. Kí ló kù? Il Bb m! Ètò tuntun yìí ò mọ lẹ́tà tó bá ní nǹkan lórí tàbí lábẹ́. Ohun tí kò bá sì mọ̀, ó ń dà á nù ni."

Ojú Bàbá yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. "Wọ́n rán ẹ̀rọ sí mi pé kó wá jẹ èdè mi nínú ilé mi?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bínú lẹ́yìn aago mẹ́ta. Ilé wa nìyí. Páásíwọ́ọ̀dù ló ń bèèrè."

"Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé," ni Bàbá bá a tún un ṣe.

"Òun náà ni. Ṣé ẹ fàmì sí i?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ó ti jẹ ìyẹn náà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n yọ èyí tó ti jẹ."

Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé. Bàbá fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn. Wọ́n wo Màmá. Wọ́n wo àjà.

"Ìyáa wọn, jọ̀ọ́, lọ bá mi bu omi wá."

"Omi wà níwájú yín."

"Omi tútù."

"Ó tutù." Màmá ká apá mọ́ àyà. "Ọ̀rọ̀ wo ló wà níbẹ̀ tí etí tèmi ò gbọdọ̀ gbọ́? Ṣé orúkọ obìnrin ni?"

"Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjìlá o," ni Ìyá Wáyà wí.

Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sọ ọ́ sí i létí. Ìyá Wáyà gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà sá jáde. Ó kọ ọ́ sórí ìwé láìfi àmì kankan sí i, bó ṣe ń kọ ohun gbogbo láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́: iyawomikiidakerara. Ó pa èyí tó rò pé ó lámì rẹ́, ó tẹ ìyókù. Ráútà kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó kọ̀.

"Mú un wá. Kí lo fi sílẹ̀?"

"Mo fi *i* méjì ti *kii* yìí sílẹ̀. Wọn ò lámì."

"Wọn ò lámì?" Bàbá dìde. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, ó ti tó ọdún méjì tí ilé yẹn ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. "Sọ ọ́ jáde."

"Bàbá, kò sáyè—"

"Sọ ọ́ jáde! Kì í sùn. Kì í jẹun. Ibo ni ohùn rẹ ń lọ?"

Ẹni ogójì ọdún, tí ọkùnrin mẹ́fà ń pè ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, dúró síwájú baba rẹ̀ bí ọmọ ìwé kẹrin, ó ń fi imú kùn ún. "Kì... í. Ó lọ sílẹ̀. Ó gòkè."

"Àmì mélòó?"

"Méjì."

"Ráútà ti jẹ wọ́n. Pa wọ́n rẹ́. *Mi* ńkọ́?"

"Mi." Ó tẹ́tí sí ara rẹ̀. "Kò lọ síbì kan. Ohùn àárín ni."

"Fi í sílẹ̀. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo tó yè nìyẹn."

Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Bàbá ń fi ìka lu tábìlì, ọmọ ń pa lẹ́tà rẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù kò jọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ran ara: ywmikdkrr. Ìyá Wáyà kà á, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó mí kanlẹ̀. Ráútà kì í gba ohun tí kò bá tó mẹ́jọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó wọlé.

Kí wọ́n tó yọ̀, ìwé ti wà lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n kà á sókè, wọ́n fara balẹ̀ kà á, láìnílò àmì kankan: "Ìyàwó mi kì í dákẹ́ rárá."



"Eré ni," ni Bàbá wí.

"Mo mọ̀ pé eré ni." Màmá gbé ìwé náà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọkọ dákẹ́ fún odidi ọdún méjì. Tí ìyàwó náà bá tún dákẹ́, kí la ó máa pe ibí? Ibojì?"

Màmá kò dúró de èsì. Wọ́n sún mọ́ Bàbá, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tún kọ́là náà ṣe, wọ́n gbá wọn léjìká fẹ́ẹ́rẹ́. "Ẹ jókòó. Wọ́n ń pè yín."

Láti ilé ìdáná ni Màmá àti Ìyá Wáyà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ mẹ́fà ló wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan nínú wọn kò sì tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn Bàbá kan nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó yá, ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún yá, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fi imú kùn pa pọ̀, bí oyin tí wọ́n ká mọ́ inú agolo. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún Bàbá. Ó di àádọ́ta, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò dá wọn dúró.

"Bàbá," ohùn rẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn, "ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Ṣé ẹ máa ráyè?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo ètò mi ná," ni Bàbá dáhùn.

"Ètò wo?" ni Màmá wí nílé ìdáná, omijé ẹ̀rín sì ń bọ́ lójú wọn.

Ìyá Wáyà wọ inú ètò ráútà láti tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ó mọ ohun tí ẹlẹ́rọ tó bá gbọ́n máa ṣe. Ó ṣe é: Ile Baba Ami, láìsí àmì, kí ilé lè máa lò ó ná. Ó wò ó títí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára àgbàlagbà lójú títì. Ó bá ṣí ojú ìwé tí àwọn tó ṣe ráútà ti ń gba ẹjọ́, ó kọ ọ́ sí wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́: pé ètò tuntun yín ń jẹ lẹ́tà wa, pé lẹ́tà wa kì í ṣe ìdọ̀tí tí ẹ máa gbá dànù, pé odindi agboolé lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹ tì láìmọ̀. Ó fi àpẹẹrẹ mẹ́fà sí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́.

Ó gbé e lọ bá Bàbá. "Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí àṣìṣe kankan dì mú."

Bàbá kà á dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ìka lé orúkọ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un fúnra wọn, tí kò ní àmì kan ṣoṣo lórí.

"Báwo lo ṣe ń pè é?"

Ìyá Wáyà fa àga, ó jókòó tì wọ́n. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ibi tí ohùn ń gbà.