Ìjókòó Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Herman

Mùjídátù fi etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Herman, ó tún gbé etí kejì lé e. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń rán ìjókòó ọkọ̀ àti ti alùpùpù ní àdúgbò Agoè ní Lomé, ṣùgbọ́n kò tíì bá irú èyí pàdé rí.

"Herman, ṣé o ti pa á ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, Ìyá Yésúfù. Iná mànàmáná ló ń lò, kì í pariwo."

"Háà! Ọkọ̀ tó ń yọ́ rìn bí olè!"

Herman rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, Màmá Hortense, ló gbé e wá. Àtakpamé ni ìyá náà ń gbé, ìbàdí tó ń dùn ún ló mú un wá rí dókítà ní Lomé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ló jókòó sí nígbà tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n sì dé, èèyàn méjì ló gbé e sọ̀kalẹ̀. Ní báyìí dókítà ti ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá ní òun á lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ ọkọ̀ Herman fún òun. Òun á wọ bọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ lòun máa bá jókòó.

"Kí ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì, kí èmi máa fi ọkọ̀ yìí gbé èrò kiri?" ni Herman wí. "Ẹ bá mi ṣe é kó tù ú lára."

Mùjídátù ní kò le. Ó mọ ohun tí àwọn ọlọ́kadà ń fẹ́: kí ìjókòó nípọn, kó sì rọ̀. Ó tú awọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó yọ fóòmù líle inú rẹ̀, ó fẹ́ na ọwọ́ sí wáyà aláwọ̀ ọsàn kan tó rí lábẹ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Herman ti fò sókè. "Iná inú ìyẹn lè pààyàn!"

Mùjídátù jìnnà sí wáyà náà. Fóòmù tó rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú ló fi dípò èyí tó yọ, ó sì rán awọ tuntun bò ó.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ Herman, Màmá Hortense wá dán an wò. Bó ṣe jókòó ló rì, ó kọjú sí Mùjídátù.

"Ọmọ mi, kòtò lo gbẹ́ fún mi. Wo orúnkún mi, ó fẹ́ máa bá mi sọ̀rọ̀ létí!"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù," ni Herman bẹ̀ ẹ́.

"Sùúrù wà lọ́kàn mi, kò sí ní ìbàdí mi."

Mùjídátù kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ojú tì í, àmọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kí ló gbé orúnkún sókè? Nígbà tí Herman gbé ìyá rẹ̀ délé tó padà wá, Mùjídátù ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé.

"Gbé èmi náà lọ sí àdúgbò Bè, kí o sì gbé mi padà. Ìwọ ńkọ́, o ti jókòó síbí rí?"

"Èmi kẹ̀? Èmi ni mò ń wakọ̀."

"O ń se ọbẹ̀, o kì í tọ́ ọ wò."

Gbogbo gegele tí wọ́n gùn, ìdí Mùjídátù nìkan ló ń gbà á. Ó ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ itan ara rẹ̀, ó wọlé. Ó dìkúùkù, ìkúùkù náà wọlé. Àṣé itan kò gbára lé nǹkan kan! Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Herman, kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ yìí?"

"Bátìrì ni. Wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹní láti iwájú dé ẹ̀yìn."

Mùjídátù pàtẹ́wọ́. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ẹsẹ̀ a máa rí ibi sọ̀ kalẹ̀ sí. Nínú èyí, orí bátìrì ló dúró lé, bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àpótí. Ilẹ̀ ọkọ̀ kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Ìjókòó ló máa gòkè lọ pàdé itan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó mú téèpù lọ bá Màmá Hortense nílé Herman, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀.

"Ṣé ṣòkòtò lo fẹ́ rán fún mi ni?"

"Ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n tán, Màmá."

Fóòmù líle ló gé lọ́tẹ̀ yìí, ó ga níwájú, ó rẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ó fi èyí tó rọ̀ díẹ̀ bò ó lórí. Ó ní kí Herman ti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ síwájú pátápátá, kí ẹsẹ̀ ìyá lè rọ́nà nà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Màmá Hortense wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mùjídátù gbìyànjú láti ti ọwọ́ bọ abẹ́ itan rẹ̀, ọwọ́ kò ráyè. Herman wà á yí àdúgbò ká, ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà tó burú jù, ó sì padà wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mùjídátù jáde wá pàdé wọn.

"Kí lo dúró ṣe?" ni Màmá Hortense bi ọmọ rẹ̀.

"Kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, Màmá, kí ẹ sọ bó ṣe rí."

"Ṣé ẹrù mi wà nínú búùtù?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ni mo wá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ṣe? Àtakpamé jìnnà." Ó yíjú sí Mùjídátù. "Ọmọ mi, o ṣé o."

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé.