Gíláàsì Àlímọ̀t Kò Jẹ̀bi

Àlímọ̀t kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fìyà jẹ kó dákẹ́, ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé sinimá Àlàájì Rájí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni kó há gíláàsì ojú fún èrò tó wá wo sinimá tuntun yẹn, èyí tí ọ̀kọ̀ inú rẹ̀ máa ń yọ síta bíi pé ó fẹ́ gún ni lójú. Àwòrán méjì ni ẹ̀rọ ń jù sára ògiri níwájú èrò; gíláàsì ló ń jẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan rí ẹyọ kan péré. Bí wọ́n bá wò ó tán, á gba gíláàsì padà, á fọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn Iléyá ni wàhálà dé. Gbogbo èèyàn inú àwòrán di méjì méjì. Ẹnì kan ń rìn, òjìji rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí ń fọ́ èrò, wọ́n ń ráhùn. Àlàájì ní ọṣẹ Àlímọ̀t ló ba gíláàsì jẹ́.

“Bó bá di alẹ́ Sátidé tí kò tíì dára, má wá síbí mọ́. Màá sì sọ fún gbogbo Ìdúmọ̀tà pé abaǹkanjẹ́ ni ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Omi lásán ló fi ń fọ̀ wọ́n. Ta ni yóò gba abaǹkanjẹ́ síṣẹ́ ní Èkó yìí?

Lọ́sàn-án Jímọ̀, Mọ̀núrù tó ń yí ẹ̀rọ ń dán àwòrán wò. Àlímọ̀t wọ gíláàsì kan, ó gbé tíréè onírin tó fi ń kó wọn kọjá níwájú ògiri, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sára tíréè. Ó pa ojú kan dé. Lára ògiri, ọkùnrin méjì; lára tíréè, ẹyọ kan.

“Bọ̀dá Mọ̀núrù, gíláàsì kan náà ni mo wọ̀ o. Kí lẹ ṣe sí ògiri?”

Mọ̀núrù wá fi ìka ha ògiri. “Ẹfun ọdún Iléyá ni. Àlàájì ló ní ká fi kun gbogbo ilé.”

Ẹfun ti bo ọ̀dà fàdákà tí wọ́n fi kun ògiri nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, èyí tó ń dán bíi tíréè, tí gíláàsì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹ wo ayé: ẹ̀bi wà lọ́rùn onílé, ó ń nawọ́ sí alágbàfọ̀.

Àlímọ̀t sáré dé Apọ́ngbọ̀n, ó ra ọ̀dà fàdákà. Òun àti Mọ̀núrù ha ẹfun kúrò, wọ́n kun ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lálẹ́ Sátidé, Àlàájì wọ gíláàsì, ó jókòó níwájú, ó fajú ro. Ọ̀kọ̀ jáde látinú ògiri, ẹyọ kan ṣoṣo, ó mú, ó ń bọ̀. Àlàájì kígbe, ó wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, fìlà re ibòmíràn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Inú Àlímọ̀t dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣa fìlà, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ dìde, Àlàájì. Gíláàsì tí mo bà jẹ́ lẹ wọ̀ yẹn.”