Aṣọ Ìkélé Gbé Àbẹ̀kẹ́ Mì

Bàbá Délé, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní orúkọ àwọn nǹkan orí ìtàgé. Mo na pàṣán sí aṣọ ìkélé, mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ dárúkọ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Aṣọ náà bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Mo ní kí àwọn yòókù hó lé e. Bí wọ́n ṣe ń hó ni aṣọ ń gbé e mì lọ, ó dé ìdí, ó dé ọrùn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ku ẹnu nìkan. Ẹnu náà ní, "Aṣọ ìkélé ni, mà."

Mo ní, "O káre! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, aṣọ sì gbé ẹnu náà mì. Ibi tí mo ti ń pàtẹ́wọ́ ni mo ti jí.