Ògiri Tó Bá Adélakùn Lọ sí Pápá Họ́kì

"Oorun àná gbé mi dé ibì kan. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o."

Bí Adélakùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ yìí, kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tán. Àwa tí a jókòó síwájú ilé Gbádébọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe sọ ọ́ fún wa, mi ò ní bù mọ́ ọn. Àlá náà kò tiẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni bù mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, Adélakùn ni ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe lọ́nà ilé-ìwé. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìwà rẹ̀ tutù, àmọ́ ó ní àìsàn kan tí kò gbóògùn: ti Kìnnìún ló ń ṣe. Kìnnìún tí mo ń wí yìí kì í ṣe ẹranko. Ẹgbẹ́ họ́kì ìlú wa ni, àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń mú ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu, tí wọ́n á máa fi lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri pápá. Orúkọ ẹranko ńlá ni wọ́n sọ wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ti ìlú mìíràn wá ló ń nà wọ́n lọ. Láti ìgbà tí Adélakùn ti wà ní àpọ́n ló ti ń lọ jókòó sí pápá yẹn. Ọmọ rẹ̀ ti wọ yunifásítì báyìí, bàbá ọmọ kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ kan tí Kìnnìún borí.

Wọ́n ti borí rí o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́, Adélakùn lọ tọ̀ lẹ́yìn pápá. Kó tó fa síìpù rẹ̀ sókè, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí sì ti fọn fèrè ìparí. Ìgbà kejì, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ìgbà kẹta, orí ìjókòó níbẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ, inú àwọn tó wà nítòsí sì dùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí jí i. Gbádébọ̀ wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá. Ó ní, "Adélakùn, ojú tìrẹ yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n rọ́wọ́ mú. Eré ọ̀la yìí ló máa sọ bóyá wọ́n á dúró nínú líìgì àbí wọ́n á já bọ́. Jọ̀wọ́, jókòó sílé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ilé lọ, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi sùn.

Ó ní nínú àlá náà, òun wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, òun ń tú ẹ̀yìn fíríìjì kan, ni fíríìjì bá wúkọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni fíríìjì wí. "Wọ́n ń pè yín ní ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Ti àwọn tó ń mójú tó eré ìdárayá."

"Níbo ló wà?"

"Ó ń kọjá lọ lókè báyìí. Tí ẹ bá yára, a máa bá a."

Adélakùn gbójú sókè. Lóòótọ́, ilé alájà méjì kan ń fò lọ jẹ́jẹ́ lókè òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé kan yọrí lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń da omi tíì tó ṣẹ́kù sínú ife dànù. Ohun kan ṣoṣo tó ká Adélakùn lára ni pé ọwọ́ òun dọ̀tí. Ó fọ ọwọ́, ó wọnú fíríìjì, ó jókòó síbi tí wọ́n ń to ẹyin sí, fíríìjì sì gbéra. Ó ní òtútù mú òun díẹ̀, àmọ́ òun kò lè ṣàròyé, torí òun fúnra òun lòun fi gáàsì sí i.

"Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ọ́?" Gbádébọ̀ bi í.

"Ẹ̀rù kí ni? Fíríìjì tí mo bá ti tún ṣe kì í já."

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ọ̀gá kan wà nídìí tábìlì, ó wọ kóòtù, ó so táì, ojú rẹ̀ le. Ó ní kí Adélakùn jókòó. Àga tó fẹ́ jókòó lé sún sẹ́yìn, ó ní òun wà lẹ́nu ìsinmi. Adélakùn ní kò burú, ó dúró.

"Ìwọ ni Adélakùn?"

"Èmi ni, sà."

"Ojú rẹ ló ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ Kìnnìún. Wo orí tábìlì yìí."

Adélakùn wò ó. Tábìlì ti di pápá họ́kì, koríko ti hù lórí rẹ̀, àwọn ọmọ Kìnnìún tí wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ ń sáré kiri. Bó ṣe wò wọ́n báyìí, àwọn alátakò gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé wọn.

"Kẹ́yìn sí i," ni ọ̀gá wí. Ó kẹ́yìn sí i. Ariwo ta, Kìnnìún ló gbá a wọlé.

"Ó yá, tún wò ó."

Bó ṣe tún wò ó, bọ́ọ̀lù náà rọra jáde kúrò nínú àwọ̀n. "Ẹ má bínú, bàbá," ni bọ́ọ̀lù wí, "mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀." Ó yí lọ sáàárín pápá padà.

Àkókò yìí ni irùngbọ̀n ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìwo yọ lórí rẹ̀, ó ń jẹ táì ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa jẹ táì dé ọrùn, ó ti di òbúkọ pátápátá. Akọ̀wé wọlé, ó gbé èèpo iṣu síwájú rẹ̀ nínú àwo, ó kí i, ó jáde. Adélakùn ṣáà ń dá a lóhùn ní "sà" lọ. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì nìyẹn.

"Ìdájọ́ wa nìyí," ni òbúkọ wí, ó ń jẹ èèpo iṣu. "Lónìí, tí o bá kọjú sí ògiri títí eré á fi parí, Kìnnìún á borí, wọ́n á dúró nínú líìgì. Tí o bá wò wọ́n, wọ́n á já bọ́. Èwo lo fẹ́?"

Gbádébọ̀ gan-an sún àga rẹ̀ mọ́ ọn níbi yìí. Adélakùn ní ohun tó ń wu òun látọdúnmọ́dún ni kí òun rí i kí àwọn ọmọ yẹn borí, kí òun rí bí ojú wọn ṣe máa rí lọ́jọ́ náà. Ó dùn ún pé òun gan-an ni ìdènà wọn. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ògiri, sà."

Ògiri tí wọ́n fún un, ti yàrá rẹ̀ nílé ni. Ibi tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀ ló fi dá a mọ̀. Àwọn méjèèjì jọ rìn dé pápá, ògiri ń mí hẹlẹhẹlẹ torí kì í rìn tẹ́lẹ̀. Adélakùn jókòó, ó kẹ́yìn sí pápá, ògiri sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo pápá lórí èjìká rẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè.

"Ògiri, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn ọmọ kan ń fi igi na nǹkan."

"Ta ló wà nídìí bọ́ọ̀lù?"

"Wọ́n pọ̀."

"Àwọn tiwa ńkọ́? Àwọn tó wọ aṣọ pupa."

Ògiri ronú. "Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀dà funfun ni wọ́n kùn mí, mi ò mọ àwọ̀ mìíràn."

Adélakùn kò bínú sí i. Ó ní ògiri náà gbìyànjú. Láìpẹ́, fíríìjì dé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ní ooru ń mú òun, ó ṣílẹ̀kùn ara rẹ̀ gbayawu. Gbogbo pápá bá di yìnyín.

"Wọ́n ti jókòó, bàbá," ni ògiri wí. "Gbogbo wọn ló jókòó, wọ́n sì tún ń lọ."

Bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, Kìnnìún gbá ọ̀kan wọlé. Ariwo ta. Wọ́n tún gbá èkejì wọlé. Ògiri ń sunkún ayọ̀, ọ̀dà ń já bọ́ lára rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Adélakùn. Adélakùn náà ń pàtẹ́wọ́ fún ògiri. Ó ní inú òun dùn gan-an, ó sì ń dun òun wọra.

Ẹnì kan wá fọwọ́ kàn án léjìká. Ṣẹ̀yẹ ni, aṣọ́lé Kìnnìún. Ó fi ilé tó ń ṣọ́ sílẹ̀, ó gun orí ìjókòó wá bá a tòun ti akoto lórí.

"Bàbá, a ti ń nà wọ́n o."

"Mo gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́. Padà sídìí ilé rẹ."

"Ẹ wò wá."

"Tí mo bá wò yín, ẹ máa já bọ́."

"Ta ló wá ń wò wá?"

"Gbogbo èrò tó ń pariwo yìí."

"Kò sí èrò kankan níbí, bàbá. Àwọn àga ló ń pariwo. Ẹ̀yin nìkan la máa ń rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá mẹ́jọ wọlé mi, ojú yín ni mo wò kí n tó lè dìde. A wá ń borí lónìí, mi ò rí ẹni tí mo máa wò."

Adélakùn wo ògiri. Ni Adélakùn bá dìde, ó yíjú sí pápá.

Kíá, gòólù méjèèjì jáde nínú àwọ̀n, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, bàbá," wọ́n sì gba ọ̀nà ilé Kìnnìún lọ. Yìnyín yọ́. Òmíràn wọlé, òmíràn tún wọlé, Adélakùn ò lè kà á tán. Òbúkọ fọn fèrè ìparí, ó sì jẹ fèrè náà. Kìnnìún já bọ́ lóòótọ́, torí pápá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rì lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ náà ń bá a lọ, wọ́n ń juwọ́ sí Adélakùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ń juwọ́ sí wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò rí ẹgbẹ́ tó dára lójú òun tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Nígbà tó lajú, ògiri ló wà níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ kí i pé ó kú iṣẹ́, kó tó rántí pé orí bẹ́ẹ̀dì lòun wà. Ohùn Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ń ti ẹ̀yìn bọ̀.

"Bàbá Ìrètíọlá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹ̀yìn yín sọ̀rọ̀. Ẹ yíjú síbí."

Ó yíjú sí i. Obìnrin náà ti wẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìpara pa apá.

"Mo ní ṣé ẹ máa lọ sí pápá lónìí?"

"Mo máa lọ."

"Mo fẹ́ bá yín lọ."

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Mosúnmọ́lá kò tẹsẹ̀ bọ pápá yẹn rí. Adélakùn sọ fún un pé oòrùn ibẹ̀ mú, pé àga ibẹ̀ le, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n na Kìnnìún bí wọ́n ṣe máa ń nà wọ́n. Mosúnmọ́lá ní òun gbọ́. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ ti lọ sí yunifásítì, òun nìkan lòun ń jókòó sílé ní gbogbo Sátidé, ó ti sú òun.

"Ẹ ṣáà sọ fún mi," ló ní, "àwọn wo ni tiwa?"

Adélakùn ronú sí i.

"Tó o bá ti rí àwọn tí wọ́n ń nà," ló ní, "àwọn ni tiwa."