Ẹyẹ Irin Nínú Kíláàsì Àwọn Ọmọbìnrin

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, Ẹyẹ Irin ni kí ẹ lọ pè. Àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìkọ́lé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí òun nìkan ni obìnrin tó ń wa kíréènì láàárín wọn, ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé irin àti bíríkì lọ sókè ilé tí wọ́n ń kọ́. Láràárọ̀ ni yóò gun àkàbà lọ jókòó sínú yàrá onígíláàsì tó wà lókè téńté, tí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ yóò dà bí èèrà lójú rẹ̀. Ó sì máa ń sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kò yà á lẹ́nu nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó wá bá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kẹta sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń rí iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

"Ó ti yẹ kí wọ́n pè mí tipẹ́," ló wí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ nínú ni Jẹ́jẹ́, àkọ́bí rẹ̀, tó wà nínú kíláàsì ọ̀hún gan-an. Ìyá rẹ̀ rò pé ojú ló ń tì í. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ dókítà ló wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí Jẹ́jẹ́ ti ń rákò ni Ẹyẹ Irin ti ń sọ fún gbogbo ayé pé dókítà lòun bí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí yóò lọ, sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ti yàn, ó yàn náà nìyẹn. Ìgbàkígbà tí Jẹ́jẹ́ bá sì la ẹnu láti sọ tinú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ á ti gba iwájú.

Ọjọ́ pé. Tíṣà gbé àga fún àlejò. Ẹyẹ Irin ní àga yẹn kúrú jù, ó gbé ìdí lé orí tábìlì. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ní kí n ṣe tíṣà," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí tíṣà, ẹ má bínú, iṣẹ́ yín dára, àmọ́ n ò ní sùúrù. Ǹ bá ti na gbogbo ọmọ ìlú tán."

Tíṣà fúnra rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

"Omi tútù ni mò ń tà níbi ìkọ́lé nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè, mo rí òpó irin tó ń rìn lójú ọ̀run bí ẹni pé kò wúwo. Mo ní, ta ló ń ṣe ìyẹn? Wọ́n ní awakọ̀ ni. Mo ní, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó rẹ́rìn-ín jù nínú wọn, èmi ni mò ń gbé bíríkì fún un báyìí. Tó bá ti yájú sí mi, ó máa dúró díẹ̀ kó tó rí bíríkì gbà."

"Bàbá yín ńkọ́, mà?" ọmọ kan bi í.

"Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yípo. Mo ní kò burú, tó bá sú wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Iṣẹ́ mi máa ń rẹ̀ mí débi pé mo lè sùn lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ mi ló ń sáré lọ bá àkàbà. Bí ẹ bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yan òmíràn."

Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Lọ́yà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í tú wò.

"Ẹ ṣé, mà. Ta ló wá yan dókítà fún Jẹ́jẹ́?"

Jẹ́jẹ́ ń wo tábìlì rẹ̀ bíi kó lanu gbé òun mì. Ẹyẹ Irin yíjú wo ọmọ rẹ̀.

"Lọ́yà, jókòó," tíṣà wí.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí." Ẹyẹ Irin sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. "Níbi iṣẹ́ wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ darí mi láti ilẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ń juwọ́, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá, n kì í wò ó. Àmọ́ tó bá di pé kí n dúró, ẹnikẹ́ni ló lè dá mi dúró. Kódà, ẹni tó ń gbálẹ̀. Tó bá ti na ọwọ́ méjèèjì sókè báyìí, mo gbọ́dọ̀ dúró, n ò ní bi í pé ọmọ ta ni. Ó lè rí ohun tí èmi ò rí." Ó kọjú sí Lọ́yà. "Mo ti dúró. Èmi ni mo yàn án. Mo fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí òjò ò ti ní í pa á. N ò bi í léèrè."

Ó wá bi í níṣojú gbogbo wọn. "Jẹ́jẹ́, dìde. Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Bàtà, mà."

"Bàtà kẹ̀?"

"Mo fẹ́ máa rán bàtà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹyẹ Irin tẹjú mọ́ wọn, ẹ̀rín gbẹ.

Jẹ́jẹ́ jáde síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, àmọ́ kò gbọ̀n. "Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi wọn bàtà iṣẹ́ tí wọ́n ń fún màmá mi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù, ibi ìka há. Màmá mi máa ń ki àkísà bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá bọ́ ọ nílé, wọ́n á kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Mo ti tú ògbólógbòó bàtà wọn kan wò. Mo mọ ibi tí àwọn tó ṣe é ti ṣì í gé. Àwọn obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀, mà. Àwọn ni mo fẹ́ rán bàtà fún."

Ẹyẹ Irin kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Orí rẹ̀ wú.

"Ìwọ lo gbé bàtà tí mo tìtorí ẹ̀ bá aládùúgbò wa jà?"

"Ẹ dákun, mà."

"Mo ṣì máa lọ bẹ̀ wọ́n." Ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tèmi nìyí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà ọ̀tún, ó bọ́ ọ, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Tú èyí náà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni kí o yàn."

"Báwo lẹ ó wá ṣe délé, mà?" tíṣà bi í.

"Mo lẹ́sẹ̀, Àǹtí."

Ó sì jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, ó gbé àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Nígbà tó dé ẹnu géètì, bàbá tó ń ṣọ́ ọ wò ó títí.

"Màmá, bàtà yín kejì ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ aránbàtà mi," Ẹyẹ Irin wí, ó ń rìn lọ.