Aago Ọrùn Ẹsẹ̀

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìṣísẹ̀ lójúmọ́." Nọ́ọ̀sì gbójú kúrò lára fóònù, ó tún wo òṣùwọ̀n. "Màmá, ẹni tó ń rìn tó báyìí kì í fi kílò méjì kún ara láàárín oṣù kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín náà ò wálẹ̀. Ibo lẹ ń rìn lọ gan-an?"

Màmá náà, tó jẹ́ aránṣọ, sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀. "Ibi tí iṣẹ́ bá gbé mi dé."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin gba fóònù padà. Òun ló ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ fún ìyá rẹ̀, iye tí aago bá sì kà ló ń hàn sí i lójú fóònù. "Mọ́mì, ẹ ṣáà rántí àdéhùn wa. Bí ẹ̀jẹ̀ yìí ò bá wálẹ̀ títí oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Èmi ò lè wà níbi iṣẹ́ kí wọ́n pè mí pé wọ́n bá yín nílẹ̀."

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dùn ún, kò sì bà á lẹ́rù. Láti ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti fi ilẹ̀ bora, gbogbo nǹkan ń dé ara rẹ̀ bí ọwọ́ tó ń kan ni láti orí aṣọ onípele mẹ́ta. Ebi kì í pa á, bẹ́ẹ̀ ni kì í yó; ó ń jẹ búrẹ́dì nítorí pé búrẹ́dì wà lórí tábìlì. Bí aṣọ bá fún un, a máa tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a fi ìbú ìka kan kún un. Aránṣọ kì í tètè mọ̀ pé òun ń sanra: abẹ́rẹ́ ti bo àṣírí kí ara tó fọhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó tú aago lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe. Kì í ṣe ẹ̀tàn ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdè aago ló ń fa òwú aṣọ oníbàárà yọ, ló bá so ó sísàlẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rí i pé gbogbo ìgbà tí òun fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ni aago kà sí ìrìn. Ọmọ rẹ̀ pè é, inú ọmọ náà dùn sí iye tó rí. Ó jẹ́ kó máa dùn bẹ́ẹ̀.

Bàbá oníbàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú láti wá tọrọ òwú. "Ìyá aránṣọ, ṣé ẹsẹ̀ yín náà ń bèèrè aago mélòó ló lù ni?"

"Ó ń ka ìrìn mi."

"Ìrìn." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàtà obìnrin náà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. "Èmi ni mo pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ yìí nígbà tí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ ń nasẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọdọọdún ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ wo bí ilà ara rẹ̀ ṣe mú, bí ẹni pé àná ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí aago ń wí o, àmọ́ bàtà kì í purọ́."

Ó gbé e kalẹ̀, ó gba òwú, ó lọ.

Obìnrin náà wo bàtà títí. Ṣòkòtò tíṣà kan wà lórí tábìlì, èyí tí ì bá fi alùpùpù ránṣẹ́. Ó tú aago lẹ́sẹ̀, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí, ó gbé ṣòkòtò náà, ó jáde.

Ó rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Òpópónà mẹ́ta péré ni. Ó sinmi lórí pèpéle ilé kan, ó tún fara ti ògiri ilé-ìwé. Nígbà tó ń padà bọ̀, orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó dúró, ó gbọ́wọ́ lé e. Ìrora náà kò gba orí aṣọ kankan kọjá kó tó dé ara rẹ̀.

Kò tíì jókòó dáadáa tí fóònù dún.

"Mọ́mì, aago yín ò ka nǹkan kan láti ọ̀sán. Ṣé kò sí o?"

"Mo bọ́ ọ sílẹ̀ ni. Mo rìn lọ sílé tíṣà."

"Ẹ rìn, ẹ wá bọ́ aago?"

"Ẹsẹ̀ ni mo ń so ó mọ́ látọjọ́ yìí, nídìí ẹ̀rọ. Aṣọ tí mò ń rán lo ń kà."

"Oṣù tó ń bọ̀ wá ńkọ́?"

"Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá wálẹ̀, wá mú mi lọ. Ṣùgbọ́n má wo aago mọ́. Pè mí nírọ̀lẹ́, kí o bi mí ibi tí mo rìn dé."

"Ẹ ó sì sọ òótọ́?"

"Bi bàbá oníbàtà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kan tó ti fún un wà lórí àga; láti òwúrọ̀ ló ti yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta láti tú u. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó wo ojú ìrán náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó yí aṣọ náà padà sójú rẹ̀, ó gbé e kọ́ bó ṣe wà, láìtú u.