Ẹsẹ̀ Ìyàwó Lórí Àtẹ̀gùn Bíríkì

Ní ọdún 1859, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Adépéjú, ọmọ amọ̀kòkò kan láti ìletò kan lápá Odeda, wọ ilé ọkọ ní àdúgbò Ìgbẹ̀in ní Abẹ́òkúta. Olúṣẹ̀yẹ ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ìlú Sàró ni ó ti kọ́ iṣẹ́ bíríkì kí ó tó padà sí ilé baba rẹ̀, ó sì ti búra pé ìyàwó òun kò ní tẹ ilẹ̀ lásán wọlé. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni ó fi bíríkì mọ sí ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní ní gbogbo àdúgbò náà.

Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n Baálé, olórí agbo ilé náà, sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni ó ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Àwọn obìnrin ilé mú un dúró lórí àtẹ̀gùn òkè pátápátá, wọ́n sì ń da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, igbá lé igbá.

"Ẹsẹ̀ ire ni o! Ẹsẹ̀ ọmọ ni o!"

Omi náà ń ṣàn wọ inú àtẹ̀gùn tí òjò ọjọ́ méjì ti rin gbingbin. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ó na ọwọ́ kí ó fà á wọlé. Bí ìyá náà ti fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ohun kan rọ́ lábẹ́ wọn bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Adépéjú di òpó ilẹ̀kùn mú. Ìyá kò rí nǹkan dì mú. Ó yí gbirigbiri dé ilẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ bí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.

Adébímpé, ẹ̀gbọ́n Olúṣẹ̀yẹ lóbìnrin, ni ó kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ wò ó! Kò tíì wọlé, ó ti dá ẹsẹ̀ ìyá wa! Irú ẹsẹ̀ wo ni èyí?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ òṣì ni!" ni ẹlòmíràn fi kún un láti ẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ ìyàwó. Èyí tí ire bá bá a wọlé, a ó máa kì í. Èyí tí àgbákò bá bá a wọlé, ilé baba rẹ̀ ni a ó sìn ín padà sí, orúkọ náà yóò sì máa tọ àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn títí dé ojú odò. Àbúrò obìnrin mẹ́ta ni Adépéjú ní. Ta ni yóò fẹ́ àbúrò ẹlẹ́sẹ̀ òṣì?

Baálé ní kí gbogbo ilé péjọ ní òwúrọ̀. Adépéjú kò fi ojú ba oorun. Ó ń gbọ́ bí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń kérora lẹ́yìn ògiri.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó mú ìgbálẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó he àfọ́kù bíríkì kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dúdú, ó sì tutù. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ó tẹ̀ di ẹrẹ̀. Ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìdí iná tí Olúṣẹ̀yẹ fi ń sun bíríkì ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí òun àti ìyá òun ń ru ìkòkò lọ sí ọjà.

"Ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí fún Olúṣẹ̀yẹ nígbà náà, "iná yìí kò tíì dé inú. Èéfín rẹ̀ ṣì funfun."

Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ni èyí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ti Sàró dé sun tirẹ̀."

"Amọ̀ kò mọ ẹni tí ó ti Sàró dé, àna mi."

Dìran, àbúrò Olúṣẹ̀yẹ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bẹ̀ ẹ́ pé kí iná náà pé ọjọ́ mẹ́fà. Olúṣẹ̀yẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u ká ní ọjọ́ kẹta yẹn, lójú Adépéjú àti ìyá rẹ̀, kí àtẹ̀gùn lè parí ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Bí ó ti di àfọ́kù náà mú, ẹnìkan wú ikọ́. Olúṣẹ̀yẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Adépéjú kúnlẹ̀.

"Ẹ ó sọ fún wọn, àbí?"

"Kí ni n ó sọ?"

"Pé bíríkì náà kò jinná."

Olúṣẹ̀yẹ bojú wẹ̀yìn. "Gbá a dànù kíákíá. Àwọn òyìnbó ti ní kí n wá sun bíríkì ilé ìwé wọn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ta ni yóò tún pè mí sí iṣẹ́?"

"Èmi ńkọ́?"

"Lọ sí Odeda ná. Bí ọkàn wọn bá rọ̀, n ó wá mú ọ."

"Ta ni ó ń padà lọ mú ẹlẹ́sẹ̀ òṣì?"

Olúṣẹ̀yẹ mú ìgbálẹ̀ nílẹ̀, ó nà án sí i. Láti àná ni ẹ̀rù àwọn ará ilé ti ń ba Adépéjú. Nísinsìnyí, ẹni tí ì bá sá tọ̀ gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á jù. Ó ká àfọ́kù náà mọ́ etí ìró rẹ̀.

Nígbà tí ilé pé, ẹrù rẹ̀ ti wà ní ìta. Adébímpé ni ó dì í. Wọ́n gbé ìyá jáde lórí ẹní, wọ́n ti fi ọparun di ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó," ni Baálé wí, "ṣé o ní ọ̀rọ̀ kan kí a tó sìn ọ́ padà?"

Adépéjú kúnlẹ̀. "Ẹ... ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní omi nínú àwo."

"Omi kẹ̀?" ni Adébímpé ké. "Èyí tí a dà sí i lẹ́sẹ̀ lánàá kò tó o?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adépéjú ṣa àpáàdì ìkòkò kan nílẹ̀, ó jù ú sínú omi tí wọ́n gbé fún un, ó sì ju àfọ́kù bíríkì náà tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ rárá. Àpáàdì wà bí ó ti wà. Bíríkì yọ́, omi sì pọ́n koko.

"Amọ̀ tí iná kò wọ̀ ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi kọ́."

Ẹ̀rín dá. Baálé tẹjú mọ́ àwo náà. "Ta ni ó tú iná yìí láìtó àkókò?"

"Dìran ni mo fi sí ìdí iná," ni Olúṣẹ̀yẹ sọ kíákíá.

Dìran fò dìde. Baálé yíjú sí ìyàwó.

"Mo gbọ́ pé ìwọ àti ìyá rẹ kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ni?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá."

"Gbogbo wa ni ọkọ rẹ nínú ilé yìí. Èwo nínú wa?"

Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tọrọ rẹ̀, orúkọ náà kò tíì jáde ní ẹnu rẹ̀ rí. Olúṣẹ̀yẹ ń wò ó, ó rọra ń mi orí. Omi inú àwo tí Adépéjú gbé lọ́wọ́ ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó gbé ojú sókè.

"Olúṣẹ̀yẹ," ni ó wí.